Ìkorò Tí Mo Gbé Wọlé

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Ó parí. Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí bébà tí mò ń lẹ̀ mọ́ ìgò, wọ́n sọ mí sí Yàrá Ìkorò. Ọ̀gá Awò, tí awò ojú ẹ̀ nípọn ju ìdí ìgò lọ, ló wá sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá. "Ìyá Àlejò, o ti gòkè o." Gòkè lọ síbo? Yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ẹni tí mo gba ipò ẹ̀ níbẹ̀ sá lọ láì dágbére.

Mi ò lè kọ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá Àlejò ṣì wà nínú ohun funfun gbagidi tí wọ́n fi dì í ní ilé ìwòsàn, kò sì sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ kan wa ọkọ̀ akẹ́rù. Owó oṣù tèmi nìkan la fi ń jẹun, èmi, òun, ìyá ẹ̀ àti Àlejò, ọmọ wa tí a ò tíì yéé pè bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé sáyé.

Iṣẹ́ náà rọrùn lẹ́nu. Sípíríìtì tó ń ti inú àgbá ńlá bọ̀ mọ́ gaara, ẹni tó bá fẹ́ lè mu ún kó yó. Àwa la máa po ìyẹ̀fun funfun kan mọ́ ọn kó má ṣeé mu mọ́, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò fún àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń nu gíláàsì. Mo bi Ọ̀gá bóyá à ń pa ọtí náà ni. Ó rẹ́rìn-ín. "A ò pa á, ìwà ẹ̀ la bà jẹ́. Á ṣì jó, á ṣì fọ ojú egbò, á ṣì nu gíláàsì. Kò kàn ní ṣeé mu mọ́ ni."

Ìyẹ̀fun tí kò ju orí èékánná lọ ń ba odindi garawa jẹ́. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo wọ ìbòmú, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí n tó jáde. Síbẹ̀, ìrẹsì tí mo jẹ lọ́sàn-án korò. Omi tí mo mu lé e korò. Mo lá ètè mi, ó korò bí jogbo. Wọ́n ní òótọ́ korò. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé yàrá yìí.

Ìṣẹ́gun, 5

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi korò. Mo jù ú nù.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ooru mú bíi kí èèyàn bọ́ awọ ara ẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tó ti pẹ́ jù nínú yàrá náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, kọ́ mi ní ọgbọ́n ibẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí ilé iṣẹ́ ń fún wa kò tó nǹkan kan. Nítorí náà, bí ìta ìbọ̀wọ́ bá ti kún fún ìyẹ̀fun lónìí, wọ́n á yí i síta-sínú, wọ́n á tún wọ̀ ọ́ lọ́la. "Ojú méjì ló ní," Ẹ̀gbọ́n wí, "èwo ni kí á wá fi ojú kan ṣòfò?" Mo yìn ín. Mo yí tèmi náà.

Ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀ láìfajúro. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é. Ó ní ahọ́n òun ti juwọ́ sílẹ̀ tipẹ́, pé iyọ̀ àti ṣúgà ti di ọ̀kan náà lẹ́nu òun. Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, àmọ́ mi ò lè jẹ oúnjẹ mi tán mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹtì, 8

Àlejò kọ ọmú lónìí.

Mo ti wẹ̀, mo ti pààrọ̀ aṣọ, mo jókòó sórí ibùsùn. Ó rá wá bá mi bó ṣe máa ń rá wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó yanu. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Ó wo ojú mi bí ẹni tí wọ́n ta ayédèrú ọjà fún. Ìgbà náà ló tutọ́, ó na ara sẹ́yìn, ó fi igbe ta. Mo gbé e sí ọmú kejì. Bákan náà ni.

Ìyá ọkọ mi ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó, kí lo fi sọ́mú?"

"Mi ò fi nǹkan kan sí i, Ìyá."

"Ṣé o ti fẹ́ já a lẹ́nu ọmú ni? Oṣù méje lọmọ yìí ṣì wà o."

"Ìyá, mo ní mi ò fi nǹkan kan sí i."

"Kò burú. Ọmọ ò kúkú mọ irọ́ pa."

Bàbá Àlejò gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó tún gbé e padà. Ìrànlọ́wọ́ tó ṣe nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 9

Mo fi kànrìnkàn ha àyà mi títí ó fi pọ́n. Ọmọ ṣì kọ̀. Etí ọ̀já tó máa ń jẹ bó bá wà lẹ́yìn ìyá àgbà ẹ̀ pàápàá, ó fi sẹ́nu, ó tutọ́. Ìyá ní eyín ló ń bọ̀.

Ọṣẹ ti gbówó lórí. Ìdajì ni wọ́n ń gé fúnni báyìí ní iye tí a fi ń ra odindi.

Ọjọ́ Ajé, 11

Ọmú mi le bí òkúta, ó ń dùn mí dé abíyá. Ẹ̀gbọ́n yá mi ohun tí ọmọbìnrin ẹ̀ fi ń fa omi ọmú nígbà tó bímọ. Mo fi omi gbígbóná fọ ọ́, mo sá wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí, mo jókòó sẹ́yìn àwọn páálí. Ìgbẹ́ eku níhìn-ín, òkú aáyán lọ́hùn-ún, òórùn gọ́ọ̀mù bíi ti ẹsẹ̀ tí wọn ò fọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń fa oúnjẹ ọmọ mi. Ó kó mi nírìíra débi pé ojú ni mo dì títí mo fi ṣe tán. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ẹrù ṣílẹ̀kùn, ó rí mi, kò sì tì í padà bọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá kí n bu díẹ̀ fún un. Ó sá.

Nígbà tí mo délé, Ìyá gba ike lọ́wọ́ mi, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó lá a. Omi ọmú mi! Ó rí mi lára, mo kọjú sí ògiri.

"Kò korò lẹ́nu mi," ó wí. "Àmọ́ ahọ́n arúgbó ò ṣeé fọkàn tán. Jẹ́ n gbé e kaná. Kò sí ohun tí iná ò lè pa."

Ó sè é títí ó fi ń hó. Awọ kan nípọn lójú ẹ̀, ó rọ̀ mọ́ etí ìkòkò, ó ń gbọ̀n jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bó ṣe ń yí i. Ìyá fi ṣíbí kó awọ náà dà nù, ó fi ẹnu fẹ́ ìyókù, ó rọ ọ́ sínú ife kékeré.

Àlejò mu ún tán, ó tún na ọwọ́.

"Ṣé o rí i?" Ìyá wí. "Iná ti pa ìkorò ẹ̀."

Ó dùn mọ́ mi pé ọmọ mi jẹun. Ó sì bí mi nínú pé kò jẹ ẹ́ lára mi. Mi ò mọ èwo ni mo torí ẹ̀ sunkún nínú méjèèjì.

Ọjọ́rú, 13

Awakọ̀ tó ń kó ọjà lọ sọ fún wa pé àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń mu sípíríìtì wa. Wọ́n á di imú, wọ́n á gbé e mì. Òmíràn á bì, á tún bu ti ẹ̀ mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ọ̀mùtí ń fara da ohun tí ọmọ mi ò lè fara dà.

Ẹtì, 15

Ìgbẹ́ ọmọ ti di omi. Láti àárọ̀ ni, òórùn ẹ̀ sì yàtọ̀, ó ń kan. Mo fọ ọ́, mo pààrọ̀ ìlédìí ẹ̀, kí n tó so ó tán, ó ti tún ṣe é. Bàbá Àlejò ní àfi kí a lọ jókòó sínú odò. Mo ní kó bá wa gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ síbẹ̀ ṣáájú.

Ìyá ń sè, ó ń fẹ́, ó ń bu fún un. Ojú ọmọ ti wọnú.

Àìkú, 17

Ó yẹ kí n ti lọ sí ilé ìwòsàn lánàá. Wọ́n ní kí gbogbo ará Yàrá Ìkorò wá síṣẹ́ nítorí ọjà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó jáde kí oṣù tó parí. Mo lọ. Mo po ìkorò láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, ọkàn mi ò sì sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 18

Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo pọn ọmọ mi, èmi àti Ìyá gba ilé ìwòsàn lọ.

Nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wo káàdì, ó tún gbé e sórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ọmọ yìí ti fọn o. Bó bá tún wálẹ̀ ju báyìí lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa dá a dúró síbí. Kí lẹ̀ ń fún un?"

Ìyá ló dáhùn. Ó ṣàlàyé ìkòkò, ó ṣàlàyé iná, ó ṣàlàyé awọ tó ń kó dà nù. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì kúrò lára káàdì.

"Omi ọmú lẹ̀ ń sè, Màmá? Kó hó?"

"Kí kòkòrò inú ẹ̀ lè kú ni."

"Ẹ gbọ́, Màmá. Ẹyin tí ẹ bá ti sè, ṣé ó tún lè ṣàn mọ́?"

"Báwo ló ṣe máa ṣàn?"

"Ẹyin náà ò lọ síbì kan o. Inú èèpo ẹ̀ ló ṣì wà. Iná ló yí i padà, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Ohun kan wà nínú omi ọmú tó ń bá ọmọ gbógun ti àìsàn. Bí ẹyin yẹn ló rí. Bí ẹ bá ti jẹ́ kó hó, ẹ ti sọ ọmọ ogun di ẹran sísè. Ọmọ á yó, kò ní lágbára. Ìwọ̀nba tó sì ń mu gan-an ò tó o."

Mo ní, "Àmọ́ tí a ò bá sè é, á korò. Iná ló pa ìkorò ẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Agbo tí ẹ sè, ṣé ó máa ń dùn ni? Ìyá Àlejò, ṣé ẹ ti tọ́ omi ọmú yín wò rí?"

Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ tọ́ ọ wò.

Nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Awò ń pààrà ọkàn mi. A ò pa á, ìwà ẹ̀ la bà jẹ́. Èmi náà rèé. Mo lè ṣiṣẹ́, mo lè dáná, mo lè gbé ọkọ mi wọ balùwẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí mi lò, àfi kí ọmọ mi mu mí.

Ó kó mi nírìíra ju ìgbẹ́ eku lọ, àmọ́ mo tọ́ ọ wò. Mo fún díẹ̀ sínú ṣíbí, mo gbé e mì kí n tó ronú.

Ó dùn.

Ìṣẹ́gun, 19

Bó bá dùn, kí ló ń korò? Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lálẹ́ òní, mo bá Ìyá lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fọṣọ. Nínú ọpọ́n kan ṣoṣo ni aṣọ iṣẹ́ mi wà, àti kọ́mú mi, àti ọ̀já, àti àwọn aṣọ ọmọ. Gbogbo wọn ń rìn yípo nínú omi kan náà.

"Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń fọ̀ ọ́?"

"Báwo ni kí n tún ṣe é? Ṣé o mọ iye ọṣẹ ni?"

Mo fa etí ọ̀já yọ látinú omi, mo fi sẹ́nu. Ha! Gbogbo itọ́ ẹnu mi ló dà sílẹ̀. Mo sáré wọlé. Mo lá tówẹ̀ẹ̀lì, ó korò. Mo lá fìlà ọmọ, ó korò. Mo lá aṣọ ìrọ̀rí tèmi tèmi tí mò ń gbé ojú lé láti ọjọ́ yìí.

"Ṣé orí ẹ ò ti dàrú báyìí?" Bàbá Àlejò wí.

"Wá fi aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ sẹ́nu."

Ó fi sẹ́nu. Ó gbàgbé pé ẹsẹ̀ kan lòun ní, ó dìde. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń tutọ́ sínú ife.

Ìyá jókòó sórí àpótí ìfọṣọ, ọwọ́ ẹ̀ kún fún ọṣẹ. "Mo fẹ́ kí iṣẹ́ dín lọ́rùn ẹ ni, Ìyàwó." Kò wò mí. Mo fẹ́ bínú sí i, àmọ́ níbo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Èmi ni mo gbé e wọlé.

Ọjọ́rú, 20

Aṣọ yé mi. Bí ìkorò ṣe ń dé ọwọ́ mi ni kò tíì yé mi, nítorí mo máa ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ lówùúrọ̀, mo wo inú ẹ̀. Funfun wà níbẹ̀, ó rọra lẹ̀ mọ́ ibi tí ìka ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ìta èyí lánàá ni inú ẹ̀ lónìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo kúkú kọ́ ẹ."

"Ó túmọ̀ sí pé inú ìkorò la ń ki ọwọ́ bọ̀ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ yìí."

Ó wo ìbọ̀wọ́ tiẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mo rò pé ahọ́n mi ló ti darúgbó."

Mo lọ bá Ọ̀gá Awò pé kó fún wa ní ìbọ̀wọ́ tuntun lójoojúmọ́, kí ilé iṣẹ́ sì máa fọ aṣọ wa. Ó ní a ti fẹ́ jẹ ilé iṣẹ́ run. "Ìkorò kì í pa èèyàn," ó wí. "Ẹ máa fọwọ́ dáadáa." Bí ẹnu ẹ̀ ṣe ń dán tó ń sọ ọ́ rí mi lára.

Ẹtì, 22

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé bó ṣe dùn tó.

Ọ̀gá Awò wá ka iye garawa tó ṣẹ́kù. Kò mú bírò dání, ó fa tèmi yọ lápò àyà mi láì tọrọ rẹ̀. Ó kọ díẹ̀, ó ń ronú, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe bó bá ń ronú: ó ki ìdí bírò bọ ẹnu, ó ń jẹ ẹ́.

Mo rí i. Ẹ̀gbọ́n rí i. A jẹ́ kó máa jẹ ẹ́.

Ojú ẹ̀ kọ́kọ́ dúró gbọn-in. Awò ojú ẹ̀ yọ̀ wá sí orí imú. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó tutọ́ sára aṣọ ara ẹ̀, ó sáré lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó mu omi, omi náà korò nítorí ọwọ́ ẹ̀ ló fi bù ú. Ó fi háńkáṣíìfù nu ahọ́n. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló gbọ́ bó ṣe ń họ ọ̀fun.

"Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́," Ẹ̀gbọ́n wí. "Kì í pa èèyàn."

Kí a tó ṣíwọ́, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: ìbọ̀wọ́ tuntun ní àràárọ̀, aṣọ iṣẹ́ ò gbọdọ̀ jáde nílé iṣẹ́ mọ́. Ọmọ mi fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sunkún, ohunkóhun ò yí padà. Ahọ́n Ọ̀gá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rí tiẹ̀, òfin jáde. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tí mo délé, ó tún kó mi nírìíra.

Àìkú, 24

Láti àná ni èmi àti Ìyá ti ń fọ ilé. Gbogbo ohun tó jẹ́ aṣọ la fọ̀, a ṣan án, a tún un ṣan, a sá a. Lẹ́yìn ṣíṣan kọ̀ọ̀kan, Ìyá á lá etí ẹ̀ wò, á mi orí. Ní ọ̀sán òní, ó lá ọ̀já, ó ní, "Ó ti mọ́." Ọkọ mi tọ́ ìrọ̀rí wò fúnra ẹ̀. Ilé aláhọ́n ni ilé wa dà.

Mo wẹ̀. Mo wọ aṣọ tó mọ́. Mo tọ́ ọwọ́ mi wò, mo tọ́ apá mi wò. Mo gbé Àlejò sí ẹsẹ̀, mo yọ ọmú fún un.

Kò sunkún. Ìbá sàn bó bá sunkún. Ó wo ọmú náà bí ẹni wo aládùúgbò tó ti pẹ́ tí kò rí, ó fi ọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì yí ojú sí ìyá àgbà ẹ̀ tó gbé ife dání. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ife náà.

Ìyá ò fẹ́ gbé e fún un. Ó ń wò mí.

"Ẹ fún un, Ìyá. Ebi ń pa á."

Ọjọ́ Ajé, 25

Òṣùwọ̀n gbéra. Ó gbéra díẹ̀, àmọ́ ó gbéra. Nọ́ọ̀sì ní kò sídìí láti dá a dúró. Láti ọjọ́ tí a ti yéé se omi ọmú, ìgbẹ́ ẹ̀ ò ṣàn bí omi mọ́. A ń fi wàrà inú agolo kún un, a sì ń bu iye tó tó fún un.

Mo bi í bóyá ọmọ á padà sọ́mú.

"Àwọn kan máa ń padà. Ẹ máa gbé e sí i." Ó kọ nǹkan sínú káàdì. "Àwọn mìíràn, tí wọ́n bá ti lọ, wọ́n ti lọ nìyẹn."

Mo rántí ẹyin.

Ẹtì, 29

Ọjà ti jáde. Ọ̀gá Awò ní bí mo bá fẹ́, kí n dúró ní Yàrá Ìkorò, òun á fi nǹkan kún owó mi. Mo ní kó gbé mi padà sídìí ìgò. Ó ní mo ya aláìmoore. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹrin

Omi ọmú mi ti ń gbẹ. Ohun tí mo fà lónìí ò bo ìdí ike. Bébà ni mò ń lẹ̀ mọ́ ìgò báyìí, àwòrán orí èèyàn tí wọ́n fi ìlà pupa fa kọjá lẹ́nu. Kò ṣeé mu. Mo lẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹtì, 5

Mo gbé e sọ́mú. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ̀. Mo dá ohun ìfamú padà fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun jẹ ọsàn kan lánàá, pé ó dà bí ẹni pé ó kan díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n òun. Kò dá a lójú. Ó ní òun á tún jẹ òmíràn lọ́la.

Àìkú, 7

Òjò rọ̀, ilẹ̀ tutù. Wọ́n ti tú ẹsẹ̀ Bàbá Àlejò. Ẹsẹ̀ náà ti tín-ín-rín, ó rí ràdàràdà, ó ń rùn. Ó ní kí n bá òun fi òróró pa á. Mo ní kó fún mi láyè kí n kọ́kọ́ rí oúnjẹ gbé mì.

Ìyá ń sùn. Àlejò wà lẹ́sẹ̀ mi, kò balẹ̀, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀. Mi ò yọ ọmú fún un. Mi ò ní yọ ọ́ mọ́. Mo kàn ń fi ọwọ́ nu itọ́ náà ni, ìgbà náà ló di ọwọ́ mi mú, ó fa ìka mi, ó ki í bọ ẹnu.

Mo dúró kó fajúro. Mo dúró kó tutọ́.

Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò mí lójú. Nígbà tó ṣe, ohun kékeré kan tó mú gún mi nínú ẹnu ẹ̀, nísàlẹ̀, lọ́wọ́ iwájú. Ìyá ti sọ ọ́: eyín ló ń bọ̀ lóòótọ́.

Ó gé mi jẹ gan-an. Mi ò fa ọwọ́ mi.